Àwòrán Tó Pẹ́ Dé Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Kò sí ohun tó sọnù nínú fáìlì náà, ohun tó sì ń bí Abẹ́rẹ́ nínú gan-an nìyẹn. Bí olè bá jí nǹkan, èèyàn á wá nǹkan náà lọ. Bí ẹnìkan bá fọ́ nǹkan, èèyàn á ṣa àfọ́kù rẹ̀ jọ. Ṣùgbọ́n gbogbo àwòrán inú orí awakọ̀ tó dùbúlẹ̀ lọ́sibítù láìmọ ẹni tó jókòó tì í ló wà ní pípé nínú díìsìkì tí wọ́n tọ́jú wọn sí, ẹyọ kan ò yingin. Wọ́n kàn pẹ́ dé ni. Ọ̀bẹ sì ti wà nínú orí èèyàn nígbà tí wọ́n pẹ́.

"Àwòrán dúró lójú ẹ̀rọ," dókítà oníṣẹ́ abẹ ti sọ fún un. "Èmi náà dúró. Ẹ̀jẹ̀ ni ò dúró."

Ìyàwó awakọ̀ náà kò tilẹ̀ jẹ́ kó jókòó. "Ọkọ mi ò tíì kú, ẹ má fi ohùn ìsìnkú bá mi sọ̀rọ̀! Ẹ lọ mú ẹni tó ṣe é!"

Abẹ́rẹ́ lọ. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni, ó ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ, télọ̀ sì ni ìyá tó bí i. Ibẹ̀ ni àwọn ará àgọ́ ọlọ́pàá ti mú orúkọ náà, àwọn tó sì ti jókòó níwájú rẹ̀ rí ní orúkọ náà rò ó. Agolo kékeré kan kì í kúrò nínú àpò rẹ̀, bọ́tìnnì tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti lọ́ pọ̀ mọ́ ọn lójú, á máa mì ín ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ títí inú á fi bí ẹni tó wà níwájú rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tó wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa bá ẹlòmíì tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Àwòrán aláìsàn ọsibítù wà níbẹ̀, fíìmù àwọn onífíìmù náà wà níbẹ̀. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà ni ọ̀gá rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá ti pè é lórí fóònù.

"Mú ọmọbìnrin yẹn wá kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ètò tó kọ ló ń darí ẹ̀rọ. Kí lo tún ń wá?"

"Mò ń wá ìdí tó fi jẹ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ló pẹ́."

"Ìdí lo fẹ́ fi jẹun? Mú un wá!" Ó gé fóònù.

Yàrá tí wọ́n ti ọmọbìnrin náà mọ́ kò ju ibi ìkó-ìgbálẹ̀-sí lọ. Kíákíá ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí bó ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń rìn. Lọ́jọ́ yìí, ó jókòó gbagidi, ó ká ọwọ́ mọ́yà, ojú rẹ̀ pọ́n kankan. Sájẹ́ǹtì kan dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn bí ẹni ń ṣọ́ olè.

"Ṣàlàyé ẹ̀rọ yìí fún mi bí ẹni tí kò lọ ilé ìwé," Abẹ́rẹ́ sọ.

"Ẹ lọ ilé ìwé o, ẹ ò lọ o, kò kàn mí. Ohun tí ẹ ò mọ̀ lẹ fẹ́ torí ẹ̀ tì mí mọ́lé."

"Ìdí tí mo fi ń bi ọ́ nìyẹn. Tàbí o fẹ́ràn yàrá yìí?"

Kíákíá pòṣé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, kò sì lè mú un mọ́ra. "Àwo kan ló ń yí nínú díìsìkì. Apá kan wà lórí rẹ̀ tó ń sáré lọ síbi tí fáìlì wà kó tó kà á. Apá kan ṣoṣo. Kíkà ò le, sísáré ló ń jẹ àkókò. Tó bá jẹ́ àwọn tó wà nítòsí ara wọn ni apá yìí kọ́kọ́ ń dá lóhùn, iṣẹ́ á yá gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lọ́nà jíjìn á dúró títí ẹsẹ̀ á fi wú."

"Ọsibítù ò sì lè dúró."

"A ṣèlérí fún ọsibítù. Àwòrán wọn gbọ́dọ̀ dé kí àkókò tí a dá tó kọjá. Àwọn onífíìmù ò ní ìlérí, kí iṣẹ́ wọn ṣáà ti máa jáde lọ́pọ̀ yanturu ni tiwọn. Ètò tí a ń lò tẹ́lẹ̀, bí ọsibítù bá ti pè báyìí, apá á ju gbogbo nǹkan sílẹ̀, á fò lọ bíi tata. Ìlérí ń ṣẹ, àmọ́ iṣẹ́ ò yá. Àwọn onífíìmù sì ń kó ẹrù wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Tìrẹ wá ńkọ́?"

"Tèmi máa ń wo bí iṣẹ́ ọsibítù ṣe máa pẹ́ tó, á wo àkókò tó kù, á wá fi àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ṣe tàwọn tó wà nítòsí. Bí àlàfo bá fẹ́ tán, á dìde lọ ṣe tọsibítù. Ìlérí á ṣẹ, iṣẹ́ á sì yá. Kò tíì pẹ́ rí. Ẹ bi ẹnikẹ́ni!"

"Àfi ìgbà tó fẹ́ẹ̀ pààyàn."

Kíákíá gbójú sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ mi agolo bọ́tìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Ta ló kọ ètò ti tẹ́lẹ̀?"

"Àbúrò bàbá mi. Òun ló tọ́ mi látìgbà tí bàbá mi ti kú, òun ló mú mi wọ iṣẹ́ yìí." Ohùn rẹ̀ ga lójijì. "Ẹ ò ní í rí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ o!"

"Èmi ò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni," Abẹ́rẹ́ wí, ó sì jáde.

Onífíìmù tó ń kó ẹrù jù sínú díìsìkì náà ló lọ bá lẹ́yìn ìyẹn. Ọkùnrin gàgàrà kan ni, tó wọ awò ojú dúdú nínú ilé, tó sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé Abẹ́rẹ́ ló ń jẹ ẹ́ ní gbèsè àkókò.

"Ṣé ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ ṣá?"

"Mo mọ̀. Ẹni tó ń da fíìmù sínú ẹ̀rọ bí ẹni ń da omi sínú agbè, nígbà tí orí ọmọ ọlọ́mọ ṣí sílẹ̀."

"Mo ní ẹ̀tọ́ sí i! Ẹ̀rọ tó bá lóun ò lè gbé e, kó sọ."

"Bóyá ó ti sọ. Bóyá ìwọ lo ò gbọ́."

Ọkùnrin náà fà sẹ́yìn díẹ̀. Abẹ́rẹ́ rò pé ọwọ́ òun ti bà á. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu: alágbára tẹ aláìsàn mọ́lẹ̀, ẹjọ́ parí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà yọ awò rẹ̀, ó sì nà án sí i bí ọ̀bẹ.

"Ẹ lọ bi ọsibítù. Yàrá iṣẹ́ abẹ méjì ló ń ṣiṣẹ́ lákòókò yẹn. Wọ́n ń to ẹsẹ̀ obìnrin kan ní ìkejì. Inú díìsìkì kan náà ni àwòrán rẹ̀ wà, fíìmù mi kan náà ló sì wà lọ́nà. Ṣé tirẹ̀ pẹ́? Ọlọ́pàá tí kì í béèrè!"

Abẹ́rẹ́ pe dókítà lórí fóònù níwájú rẹ̀. Àwòrán ẹsẹ̀ náà dé wẹ́rẹ́, kò fi ìṣẹ́jú kan fa sẹ́yìn. Onífíìmù rẹ́rìn-ín ìyangàn, ó wọ awò rẹ̀ padà. Ó dun Abẹ́rẹ́. Fíìmù kan náà ló wà lọ́nà, ètò kan náà ló ń darí wọn, síbẹ̀ ẹnìkan dé, ẹnìkan pẹ́. Kì í wá í ṣe fíìmù ló fà á, kì í sì í ṣe ètò nìkan.

Ó lọ bá àbúrò bàbá Kíákíá.

Bàbá Létòlétò ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é. Òun ló ń bójú tó bí fáìlì ṣe ń wà nínú díìsìkì, kí wọ́n má fọ́nká. Ó ti ń hewú, aṣọ rẹ̀ gún régé, tábìlì rẹ̀ sì mọ́ débi pé Abẹ́rẹ́ kò mọ ibi tí yóò gbé ìgbọ̀nwọ́ lé. Bírò dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bírò, orí gbogbo wọn kọ sí ibì kan. Kódà sálúbàtà tó bọ́ sábẹ́ àga kọjú síta bí ọmọ ogun.

"Mo kìlọ̀ fún un," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Mo ní, ọmọ mi, ìlérí kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Bí ọsibítù bá pè, dìde. Ó ní rárá, òun á kọ́kọ́ ṣe ti aládùúgbò. Ọ̀yájú ọmọ ìsinsìnyí! Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ máa mú un lọ."

"Ta ló yẹ fáìlì náà wò lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà?"

"Èmi ni. Ó pé. Mo ti bá àwọn ọlọ́pàá sọ ọ́."

"Ẹ ò sunkún nítorí rẹ̀."

"Ẹkún kì í tún ẹ̀rọ ṣe." Ojú rẹ̀ dì. "Ṣé ọlọ́pàá ni yín àbí olùṣọ́-omijé?"

Abẹ́rẹ́ mi agolo rẹ̀. Ìdérí ṣí mọ́ ọn lọ́wọ́, bọ́tìnnì dà sórí tábìlì tó mọ́ yìí. Ó ń ṣe pẹ̀lẹ́, ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ṣùgbọ́n bàbá náà ti ń fi ìka tò wọ́n. Ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ọmọ ọlọ̀yájú, ọwọ́ rẹ̀ náà ò dákẹ́. Nígbà tó fi máa sọ̀rọ̀ tán, bọ́tìnnì náà ti tò lọ gbọọrọ, àlàfo àárín wọn kò ju ara wọn lọ. Abẹ́rẹ́ kó wọn, ó dúpẹ́, ó sì jáde. Kò tíì ka ohun tó rí sí nǹkan kan.

Orí àtẹ̀gùn ni ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ti sọ sí i lọ́kàn. Télọ̀ tó gbọ́n ni ìyá rẹ̀. Òwú dúdú ló máa kọ́kọ́ fi rán, á rán gbogbo aṣọ tó ń fẹ́ dúdú pọ̀, nítorí pípààrọ̀ òwú ló ń jẹ àkókò, rírán ò le. Bí aṣọ ìyàwó bá wà nílẹ̀ tó ń fẹ́ òwú funfun, ó mọ ìgbà tí òun gbọ́dọ̀ pààrọ̀ òwú kí ìyàwó má bàa dé bá aṣọ lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kùnà. Ó pààrọ̀ òwú lásìkò, àfi bó ṣe rí i pé ẹni tó gé aṣọ náà ti fi àjákù aláràbarà kún etí rẹ̀ yíká, kálukú wọn ń fẹ́ òwú tirẹ̀. Iṣẹ́ tó pè ní ẹyọ kan ti di iṣẹ́ ogún. Ìyàwó náà sunkún, ìyá Abẹ́rẹ́ náà sunkún. Aṣọ kò dín, kò sì ya.

Abẹ́rẹ́ sáré padà sí yàrá ìkó-ìgbálẹ̀-sí náà. "Kíákíá! Báwo ni ètò rẹ ṣe ń mọ bí iṣẹ́ kan ṣe máa pẹ́ tó?"

"Ó ń wo bí fáìlì ṣe tóbi tó. Kí lẹ tún fẹ́ bi mí?"

"Tí fáìlì náà ò bá wà lójú kan ńkọ́?"

"Gbogbo fáìlì ọsibítù ló wà lójú kan. Wọ́n máa ń tò wọ́n ni. Bàbá kékeré ló ń..." Ó tú ọwọ́ tó ká mọ́yà sílẹ̀.

"O ò yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Látọjọ́ náà ni wọn ò ti jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ."

Abẹ́rẹ́ pàṣẹ pé kí wọ́n gbé díìsìkì tí ọlọ́pàá ti fi òǹtẹ̀ dì wá sí yàrá ìpàdé. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ bá a dé, ó ń kùn pé ọlọ́pàá ń fi àkókò òun ṣòfò. Bàbá Létòlétò jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, kò wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Sájẹ́ǹtì dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n so díìsìkì náà mọ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan lórí tábìlì.

"Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀," Abẹ́rẹ́ wí. "Kíákíá, kọ́kọ́ ka àwòrán ẹsẹ̀ obìnrin yẹn."

Díìsìkì náà ta kẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń kùn hùùù títí tó fi parí.

"Ó yá, ti awakọ̀."

Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́. Apá náà ń fò lọ, ó tún ń fò lọ, kò sinmi. Ó ń ta lọ bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ fi fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. Kíákíá bo ẹnu rẹ̀.

"Ó fọ́nká," ó wí. "Wọ́n ti fọ́n ọn ká. Ètò mi á rò pé ìrìn kan ló kù fún òun..."

"Fáìlì máa ń fọ́nká fúnra rẹ̀," Bàbá Létòlétò já a gbà. "Bó bá ti pẹ́ nínú ẹ̀rọ. Ọmọdé ló yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ètò tí ò mọ̀ pé fáìlì lè fọ́nká, ètò apànìyàn ni. Ọ̀gá, ẹ ti gbọ́ ọ."

"Mo gbọ́," ọ̀gá náà wí, ó yíjú sí Kíákíá. "Ẹnu ara rẹ lo fi jẹ́wọ́."

Sájẹ́ǹtì ti mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde. Kíákíá ń wo àbúrò bàbá rẹ̀, ó ń retí kó sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó máa gbè é. Bàbá náà ń wo ògiri.

"Ó ku ẹyọ kan," Abẹ́rẹ́ wí. "Wá fáìlì kan fún mi tó fọ́nká fúnra rẹ̀. Èyí tó ti gbó, tẹ́nikẹ́ni ò tò rí."

Kíákíá wá fíìmù àtijọ́ kan jáde. Díìsìkì ta kẹ́kẹ́, ó dákẹ́, ó kùn lọ gbọọrọ, ó ta kẹ́, ó dákẹ́, ó wá ta kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́ bí ẹni tí inú ń bí.

"Ẹ gbọ́ bí èyí ṣe rí? Rúdurùdu. Tún ti awakọ̀ kà."

Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́. Bí aago ara ògiri ló ṣe ń lọ, èyí kò ju èyí lọ.

Abẹ́rẹ́ ṣí agolo rẹ̀, ó da bọ́tìnnì sórí tábìlì. Méjì lẹ̀ mọ́ra níhìn-ín, òkìtì kan wà lọ́hùn-ún, ọ̀kan yí lọ sábẹ́ àga ọ̀gá ilé iṣẹ́. "Ohun tó bá túká fúnra rẹ̀, bó ṣe máa ń rí nìyí," ó wí. Ó fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó fà sẹ́yìn.

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń dúró dè. Díìsìkì ṣì ń ta kẹ́, kẹ́, kẹ́. Nígbà tó yá, ìka Bàbá Létòlétò jáde sórí tábìlì, ó fa bọ́tìnnì kan sún mọ́ra, ó gbé ìkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọn àlàfo kan, ó gbé ìkẹta. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ń wo ọwọ́ náà. Sájẹ́ǹtì ń wò ó. Kíákíá náà ń wò ó. Ìkarùn-ún ló ń gbé lọ́wọ́ kó tó mọ̀ pé gbogbo ojú ti wà lára òun, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó.

"Ẹ fọ́n fáìlì náà ká lóòótọ́," Abẹ́rẹ́ wí, "ṣùgbọ́n ẹ ò lè fọ́n ọn bí èèyàn ṣe ń fọ́n nǹkan. Létòlétò lẹ fọ́n ọn. Gbogbo ọjọ́ ayé yín lẹ fi ń to nǹkan, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń da nǹkan nù. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà."

"Irọ́ lò ń pa!" Ọ̀wọ̀ ti bọ́ kúrò lẹ́nu bàbá náà. "Ọmọ télọ̀ lásánlàsàn!"

"Ta ni ẹ̀rọ gbà láàyè láti to fáìlì ọsibítù, yàtọ̀ sí yín?"

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló dáhùn: "Kò sí."

Bàbá Létòlétò yíjú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wàyí, ìkórìíra tó wà lójú rẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́ mọ́. "Nínú yàrá yìí ni wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún un! Wọ́n ju iṣẹ́ mi sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n sì ní kí èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo pàtẹ́wọ́! Mo kàn fẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ ni. Kí dókítà bínú, kí wọ́n dá ètò mi padà. Ó parí."

"Ẹ yan fáìlì ẹni tó ń lọ sábẹ́ ọ̀bẹ."

"Fáìlì tí wọn ò bá pè, báwo ló ṣe máa pẹ́?"

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàlàyé iṣẹ́. "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," Abẹ́rẹ́ wí. "Ọwọ́ ẹ̀yin gan-an lẹ fi wọ́ ọ." Ó mi orí sí sájẹ́ǹtì, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì lọ síbi tó yẹ kó lọ.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ti yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Kíákíá, o mọ̀ pé àwa náà ò mọ̀. Ètò rẹ ò ní àbùkù kankan."

"Ó ní," Kíákíá wí. Kò wo ọ̀gá náà, àbúrò bàbá rẹ̀ ló ń wò. "Kò béèrè bóyá fáìlì wà lójú kan. N ò kọ ọ́ sí i kó máa béèrè. Bàbá kékeré, ẹ̀yin lẹ ń tò ó. Kí ni n bá tún máa béèrè sí?"

Bàbá Létòlétò dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tí wọ́n dè ti àga rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́ wò kó lè gún régé pẹ̀lú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ló tó jẹ́ kí sájẹ́ǹtì mú òun lọ.

Kíákíá dúró títí ẹsẹ̀ wọn fi dákẹ́ lórí àtẹ̀gùn. Ó wá yọ ẹsẹ̀ kan jáde, ó ta àga náà nípàá, àga ṣubú, ó dojú délẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, Kíákíá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."